Alárinà tí kì í jíṣẹ́ ìdágbére: bí proxy káfè kan ní Àkúrẹ́ ṣe ń dákú lójoojúmọ́

Ìwé kan wà lórí káńtà káfè náà, irú ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ prámárì ń lò. Ọmọkùnrin tó ń bá Màmá, ẹni tó ni káfè, tọ́jú ibẹ̀ ló ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá pa proxy, ìyẹn ètò alárinà tí gbogbo kọ̀ǹpútà káfè ń gbà dórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì tún un tàn, ó máa ń kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí Màmá tó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, tó ní, "Jókòó, kà á." Ajé, 11:40. Ìṣẹ́gun, 11:25. Ọjọ́rú, 11:50, àti 3:10 lọ́sàn-án. Ọjọ́bọ̀, 11:30. Ẹtì, 11:35, àti 2:45. Bó ṣe tò ó nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Èmi ni mo kọ proxy ọ̀hún. Ojú tì mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, nítorí ìwé yẹn ló tọ́ wa sọ́nà ju gbogbo irinṣẹ́ tí mo gbé wá lọ.

Káfè náà ò jìnnà sí South Gate FUTA, yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Kọ̀ǹpútà 26 ló wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tún máa ń gbé láptọ́ọ̀pù tiwọn wá jókòó sí ẹ̀yìn, níbi tí Wi-Fi dé. Íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pín, dátà tí wọ́n ń fowó rà ní gíìgì-gíìgì. Màmá fẹ́ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí nọ́ńbà orí tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí àkókò rẹ̀ sì parí nígbà tó yẹ kó parí. Squid, ètò proxy kan tí àwọn mìíràn ti kọ, ì bá ṣe iṣẹ́ yìí. Láti 1996 ni ayé ti ń lò ó, gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí ni àwọn tó kọ ọ́ ti bá pàdé tí wọ́n sì ti borí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé owó Màmá wà lójú kan, ni mo bá fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ tèmi, nǹkan bí ìlà 300. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ ọ́. Mo dán an wò nínú yàrá mi ní Alágbàká pẹ̀lú fóònù kan àti láptọ́ọ̀pù kan, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun èlò méjì tí kì í kúrò nílé, tí iná wọn kì í lọ, ni mo fi dán an wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹni tí kò bá tíì mọ bí proxy ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fi alárinà ìgbéyàwó wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kì í lọ bá ọmọbìnrin tààrà láyé àtijọ́, alárinà ló ń lọ, òun ló ń bọ̀. Bùráúsà tí a bá fi proxy sí kì í bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ojúlé wà lórí rẹ̀, sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ http lásán, á kọ odindi àdírẹ́sì sínú ìlà àkọ́kọ́, látorí "http://" dé òpin, kí alárinà lè mọ ilé tí òun ń rán an lọ. Proxy á lọ síbẹ̀, á gba èsì, á gbé e padà wá. Bó bá jẹ́ https, tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ojúlé ń lò báyìí, ohun tí bùráúsà máa sọ ni pé:

CONNECT www.example.com:443 HTTP/1.1

Proxy á ṣí ìsopọ̀ TCP, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, sí sáfà yẹn, á dá bùráúsà lóhùn pẹ̀lú 200, tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti ṣí, láti ìgbà náà lọ kò tún gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ẹni yìí wá, á gbé e fún ẹni tọ̀hún. TLS, ìdáàbòbò tí https ń lò, ti lẹ àpò ìwé pa, alárinà ò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Màmá ti bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ṣé wàá máa rí password àwọn ọmọ olọ́mọ?" Mo ní, "Rárá, mà, bó bá ti jẹ́ https. Orúkọ ojúlé, nọ́ńbà pọ́ọ̀tì, ìyẹn ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn lára sáfà, àti iye dátà tó kọjá nìkan ni mo lè rí." Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun gbà.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mojú tán, alárinà á yẹ̀bá. Alárinà ti inú kọ̀ǹpútà ò lè yẹ̀bá ní tiẹ̀. Ìsopọ̀ méjì ló dì mú lọ́wọ́ méjèèjì, ọ̀kan sí bùráúsà, ọ̀kan sí sáfà, kò sì sí ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ju kóòdù tí ẹnì kan jókòó kọ lọ. Bí sáfà bá dágbére, etí alárinà ló dágbére sí. Bùráúsà ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí alárinà bá lọ sọ fún un.

Ohun tó ń ṣe àwọn oníbàárà pín sí ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n gbogbo wa la rò pé àìsàn kan ni. Àkọ́kọ́ ni ti agogo mọ́kànlá ààbọ̀: ojúlé tuntun ò ní ṣí mọ́. Bùráúsà ò ní sọ pé wọ́n lé òun, kò ní sọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Á kàn máa yí, á máa yí. Síbẹ̀, ẹni tó ti ń wo fídíò látàárọ̀ á máa wo tiẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin orí káńtà ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó o. Ẹni tó ti wà nínú ilé ń jẹun, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọn ò ṣílẹ̀kùn fún."

Ìkejì kì í dúró de agogo mọ́kànlá. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ lè bá a. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ti fọ́ọ̀mù, á kún un fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á tẹ bọ́tìnnì tó máa fi í ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bó bá tún ojúlé náà ṣí, fọ́ọ̀mù ti ṣófo. Ọmọbìnrin kan wá láti Oǹdó lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ ló fún un lówó ọkọ̀ kó wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣòfò. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn tún bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Mo wà níbẹ̀, mò ń wò ó. Màmá dá owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó tan hotspot fún un, fọ́ọ̀mù náà sì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú mi dùn fún ọmọ náà débi pé mi ò bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ: kí ló yàtọ̀ láàárín fóònù Màmá àti káfè? Fóònù Màmá ò gba ọ̀dọ̀ proxy kọjá. Ìdáhùn wà níwájú mi, mo sì kó báàgì mi, mo lọ sílé.

Ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa la kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. A pààrọ̀ síìmù, a ra ráútà mìíràn, a gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Owó lọ, kò sí ìyàtọ̀.

Ìwé orí káńtà ló já irọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ dátà ló ń dá wa lóró, kí ló dé tí pípa proxy ní tiwa fi ń wo àìsàn wọn sàn? Mo tún wo àwọn aago náà dáadáa. Agogo mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí káfè. Láti mẹ́jọ sí mọ́kànlá ààbọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, láti 11:35 sí 2:45 jẹ́ wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀. Àwọn ọjọ́ tí kò tún ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án jẹ́ ọjọ́ tí èrò ò pọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nǹkan kan ń kún díẹ̀díẹ̀ bíi garawa lábẹ́ ẹ̀rọ omi, bí wọ́n bá sì pa proxy, garawa á ṣófo, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Mo ṣí kóòdù mi. Ní ibi tí proxy ti ń gba àlejò tuntun wọlé, mo ti kọ ọ́ pé bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kó gbójú fò ó kó máa bá iṣẹ́ lọ. Àṣà burúkú ni, ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tó ní irú rẹ̀ nínú kóòdù rẹ̀, kó lọ yọ ọ́ lónìí. Mo yọ ọ́, mo ní kó kọ àṣìṣe náà síta. Nígbà tó di 11:28 lọ́jọ́ kejì, ó kọ ọ́: Errno 24, Too many open files.

Gbogbo ohun tí ètò bá ṣí lórí Linux, ètò ìpìlẹ̀ tí ẹ̀rọ proxy wa ń lò, ìbáà jẹ́ fáìlì, ìbáà jẹ́ ìsopọ̀, ó ń gba nọ́ńbà kan tí à ń pè ní file descriptor. Iye tí wọ́n sábà máa ń gba ètò kan láyè láti dì mú lẹ́ẹ̀kan náà ni 1024. Alárinà ń lo méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Èyí já sí nǹkan bí ọ̀nà 500 péré. Mo ka àwọn tó wà nínú àpò fd ètò náà lábẹ́ /proc, níbi tí Linux ti ń fi ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan dì mú hàn: 1024 géérégé. Ọ̀rọ̀ "á kàn máa yí" náà wá yé mi. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ló ń gba ọwọ́ ẹni tó kanlẹ̀kùn. Ó ti parí ìkíni TCP pẹ̀lú bùráúsà kí ètò mi tó dá sí i. Bùráúsà gbà pé wọ́n ti gba òun wọlé, ó jókòó sí ìloro, ètò mi ò sì ní nọ́ńbà tó lè fi pè é wọ yàrá. Kò sí ẹni tó lé e, kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tọ́jú sáfà ní Ìbàdàn ní kí n gbé 1024 lọ sí 8192. Mo ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìwé orí káńtà fi ṣófo. Màmá ra ẹran fún mi. Ọjọ́ karùn-ún ló pè mí ní agogo mẹ́sàn-án kọjá, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ọmọ mi, fọ́ọ̀mù ọmọ mìíràn tún ti ṣòfò." Mo ní kí ọmọkùnrin ka descriptor fún mi lórí fóònù. Ó ní 190. 190 nínú 8192! Garawa ò tíì kún rárá, fọ́ọ̀mù sì ti ṣòfò. Ìgbà yẹn ni mo gbà pé mo kàn ra garawa tó tóbi sí i ni, pé omi ṣì ń jò níbi tó ti ń jò.

Mo sùn sí káfè mọ́jú ọjọ́ kejì. Mo lo àṣẹ ss láti wo ipò ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kún ibẹ̀ ni CLOSE-WAIT, ìlà lórí ìlà, gbogbo rẹ̀ ní apá sáfà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ irú ètò yìí. CLOSE-WAIT túmọ̀ sí pé ẹni tó wà ní òdìkejì ti dágbére, kernel wa ti gbọ́, ètò wa ni kò tíì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Kò sí aago tó máa bá ọ tì í. Bí ètò náà bá wà láàyè fún ọdún kan tí kò tì í, á wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan. Nítorí náà, bí o bá rí CLOSE-WAIT tó pọ̀ lórí ẹ̀rọ rẹ, fi ilé iṣẹ́ dátà sílẹ̀, fi ráútà sílẹ̀. Inú kóòdù tìrẹ ló wà.

Mo padà sínú kóòdù, síbi iṣẹ́ ẹrù gbígbé. Thread méjì, ìyẹn òṣìṣẹ́ méjì nínú ètò kan náà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ló wà fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń gba ẹrù lọ́wọ́ bùráúsà gbé e fún sáfà, ìkejì ń gba ti sáfà gbé e fún bùráúsà. Thread kẹta ló ń dúró kí àwọn méjèèjì parí, lẹ́yìn náà ló ń ti ilẹ̀kùn méjèèjì. Bí recv, àṣẹ tí a fi ń gba ẹrù, bá mú ọwọ́ òfo padà, ìyẹn ni pé ẹni tọ̀hún ti dágbére. Kí wá ni mo ní kí thread ṣe nígbà tó bá gbọ́ ìdágbére? Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo kọ síbẹ̀: return. Ó gbọ́ pé sáfà ti lọ, ó palẹ̀ mọ́, òun náà lọ sílé. Kò sọ fún bùráúsà. Thread kejì ṣì jókòó ti bùráúsà, ó ń retí ẹrù, thread kẹta ń retí thread kejì, ilẹ̀kùn méjèèjì sì ṣí sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nídìí fọ́ọ̀mù. Bùráúsà kì í ti ọ̀nà tó ti ṣí lẹ́yìn tí ojúlé bá jáde, ó ń fi í pamọ́ kó lè tún un lò. Sáfà náà kì í dúró títí láé. Bí a kò bá yí i padà, Apache ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 lẹ́yìn ìbéèrè tó kẹ́yìn, nginx ń dúró fún 75. Ọmọ náà ń kọ àdírẹ́sì rẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ nínú àpò, sáfà ti dágbére ní tiẹ̀. Alárinà gbọ́, ó dákẹ́. Ọmọ tẹ bọ́tìnnì. Bùráúsà wo ọ̀nà tó fi pamọ́, ó rò pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó rọ gbogbo fọ́ọ̀mù náà sínú rẹ̀. Alárinà gbà á, ó gbé e lọ sí ilé tó ti tilẹ̀kùn. Ìkọ̀wé àkọ́kọ́ sínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kùnà: kernel á gbà á lọ́wọ́ rẹ, á fi ránṣẹ́. Sáfà á fi RST dáhùn pé òun ò mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ta ni yóò gbọ́ RST náà? Thread tó ń tẹ́tí sí sáfà ti lọ sílé tipẹ́. Bùráúsà jókòó, ó ń retí èsì tí kò ní dé.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé kì í kan gbogbo èèyàn. Ẹni tó yára tẹ bọ́tìnnì bọ́ nínú rẹ̀, nítorí sáfà ò tíì lọ. Ẹni tó pẹ́ gan-an náà sábà máa ń bọ́, nítorí bùráúsà fúnra rẹ̀ á ju ọ̀nà tó ti pẹ́ nílẹ̀ nù, á ṣí tuntun. Àwọn tó wà láàárín ló ń jìyà rẹ̀, àwọn tó ń fara balẹ̀ kọ nǹkan wọn. Ojúlé náà sì yàtọ̀ síra. Àwọn sáfà kan máa ń sọ ó dàbọ̀ nínú TLS kí wọ́n tó ti TCP. Ó dàbọ̀ yẹn jẹ́ ẹrù bí ẹrù yòókù, nítorí náà alárinà mi ń gbé e dé ọ̀dọ̀ bùráúsà láìmọ̀, bùráúsà sì ń mọ̀ pé ọ̀nà ti kú. Àwọn sáfà mìíràn kàn ń tilẹ̀kùn ni. Lọ́dọ̀ irú wọn ni fọ́ọ̀mù ti ń ṣòfò.

Mi ò fẹ́ tún gbàgbọ́ láìrí. Mo kọ sáfà kékeré kan tó ń tilẹ̀kùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, mo kọ oníbàárà kékeré kan tó ń gba CONNECT kọjá, tó ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, tó sì wá ń fi ẹrù ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló há.

Àtúnṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé bí ẹnì kan bá ti dágbére, kí proxy ti ilẹ̀kùn méjèèjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sáfà kékeré mi fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ètò tó ń kó ìwé owó Màmá lọ sí ibi ìpamọ́ kùnà. Ètò yẹn, bó bá ti rán gbogbo ìwé tán, á sọ pé "mo ti parí ọ̀rọ̀ tèmi", á sì dúró gbọ́ kí òdìkejì sọ pé òun ti rí i gbà. TCP gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀ ni, bíi títì Ọ̀yẹ́mẹkùn tó pín sí méjì, èèyàn lè dí apá kan kí ọkọ̀ ṣì máa gba apá kejì. Èmi wá dí méjèèjì nígbà tí ẹnì kan ṣì ń retí èsì.

Àtúnṣe tó tọ́ kò ju ìlà kan lọ. Bí thread bá gbọ́ ìdágbére láti apá kan, kó pe shutdown pẹ̀lú SHUT_WR sí apá kejì kó tó lọ sílé. Ìyẹn ni pé: "Ẹni tó rán mi sí ọ ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Bí ìwọ bá ṣì ní ọ̀rọ̀, máa sọ, mo ṣì ń gbé e." Bùráúsà tó bá gbọ́ èyí á ti apá tirẹ̀, thread kejì á gbọ́, á jíṣẹ́ tirẹ̀ fún sáfà, thread kẹta á ti gbogbo rẹ̀ pa. Bí ọmọ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn náà, bùráúsà ti mọ̀ pé ọ̀nà àtijọ́ ò sí mọ́, á ṣí tuntun láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ̀ rárá. Shutdown lè kọ àṣìṣe bí ìsopọ̀ bá ti kú pátápátá, nítorí náà mo fi ààbò sí i, mo sì ní kó kọ àṣìṣe náà sílẹ̀.

Ó ku àwọn tí kì í dágbére. Nínú káfè, ìwọ̀nyí pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, àwọn gan-an ló sì ń kún garawa. Akẹ́kọ̀ọ́ á pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, á gbé e sí abíyá, á sá lọ sí kíláàsì. Wọ́n á mú iná lọ: kọ̀ǹpútà 26 á kú lẹ́ẹ̀kan náà, proxy àti ráútà tó wà lórí inverter ò sì ní mọ nǹkan kan. Kò sí FIN tí TCP fi ń dágbére, kò sí RST. Sáfà tó wà ní òdìkejì á dágbére lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, alárinà mi á gbọ́, á dákẹ́, ìsopọ̀ méjèèjì á sì wà títí ọmọkùnrin yóò fi pa proxy. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé ìlà shutdown yẹn nìkan ti wo púpọ̀ nínú èyí sàn. Bí alárinà bá lọ jíṣẹ́ ìdágbére fún ẹni tí kò sí mọ́, kò sí ẹni tó máa dáhùn. Kernel á tún un rán títí á fi sú u, á sì wá sọ fún ètò pé ẹni yẹn ti kú. Ẹni tó dákẹ́ ni kì í mọ̀ pé òun ń bá òkú gbélé.

Mi ò fẹ́ dúró títí á fi sú kernel, nítorí náà mo tan keepalive, ìbéèrè "ṣé o ṣì wà?" tí kernel ń rán, sórí ìsopọ̀ gbogbo. Linux kì í tàn án fúnra rẹ̀, bí o bá sì tàn án láìyí i padà, wákàtí 2 ló máa dúró kó tó bèèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Mo ní kó bèèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 60, kó tún bèèrè ní gbogbo 15, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìṣẹ́jú méjì péré, ẹni tí kò sí á ti hàn. Mo tún fi aago sí ọ̀nà tí kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo tún ti ṣe àṣìṣe kan: mo fún thread kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀. Ẹni tó ń gba fáìlì ńlá kì í sọ ohunkóhun padà fún ìṣẹ́jú púpọ̀, aago apá rẹ̀ á kọ, proxy á já ọ̀nà náà nígbà tí ẹrù ṣì ń wọlé ní apá kejì. Ọ̀nà kan, aago kan. Thread méjèèjì gbọ́dọ̀ máa wo aago kan náà.

Nígbà tí mo wà nínú kóòdù, mo tún àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn ṣe. Mo fi ìwọ̀n òdo sí Content-Length, ìlà tó ń sọ bí èsì ṣe gùn tó, nínú èsì 407 tó ń bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí bùráúsà tí kò bá mọ ibi tí èsì parí sí á máa dúró. Mo ń yọ Proxy-Authorization, ìlà tó gbé nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, kúrò kí ìbéèrè http lásán tó lọ sọ́dọ̀ sáfà, nítorí ọ̀rọ̀ àárín oníbàárà àti alárinà ni tíkẹ́ẹ̀tì, kò kan ará ìta. Mo ní kí CONNECT má lọ sí pọ́ọ̀tì mìíràn ju 443 tí https ń lò lọ, bí Squid náà ṣe ń ṣe bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀, kí ẹnì kan má baà gba ọ̀dọ̀ wa rán lẹ́tà jìbìtì kiri ayé.

Mo dá 8192 padà sí 1024 pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Màmá bi mí pé ṣé mo dá ara mi lójú. Mo ní bó bá tún ń jò, kó tètè hàn. A ka descriptor ní 11:30, ó jẹ́ 248. A kà á ní agogo kan, 203. Ní agogo mẹ́rin, tí èrò ti ń lọ, 96. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ bí èèyàn ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. CLOSE-WAIT tó wà níbẹ̀ ò pé mẹ́ta, wọ́n sì ń parẹ́ lójú mi. Mo jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ bí wọ́n ṣe ń kún fọ́ọ̀mù, láìsọ ìdí fún wọn. Mẹ́jọ ló lọ.

Iṣẹ́ ṣì kù. Thread mẹ́ta fún ọ̀nà kan pọ̀ jù, mo fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí asyncio, ọ̀nà Python tí thread kan fi ń bójú tó ọ̀nà púpọ̀, kí ẹ̀rọ Màmá lè mí. Mo kọ́ ọmọkùnrin orí káńtà bí wọ́n ṣe ń ka descriptor, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ìlà tó kẹ́yìn nígbà tí mo dé ibẹ̀ lánàá kà báyìí: Ìṣẹ́gun, 2:20, wọ́n mú iná, a tan jẹnẹrétọ̀, a ò fọwọ́ kan proxy. 231 kí iná tó lọ, 47 lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta.